Delhi 1984: ta ló rán àwọn tó dáná sun àwọn Sikh?

Àjàní Ìtàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ ikú Indira Gandhi níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Sikh ló pa á, àwọn Sikh náà ló jìyà ẹ̀. Kí ló tún kù tí a fẹ́ sọ?" Àwọn tó gbè é lẹ́yìn pọ̀ ju àwọn tó ta kò ó lọ. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1984, Indira Gandhi, olóòtú ìjọba Íńdíà, ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé rẹ̀ ní Safdarjung Road, Delhi, lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Méjì nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, Beant Singh àti Satwant Singh, yìnbọn pa á. Ọmọ ẹ̀sìn Sikh ni àwọn méjèèjì, ẹ̀sìn kan ní Íńdíà tí ọkùnrin wọn máa ń wé láwàní. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù pa Beant Singh níbẹ̀. Satwant Singh ní tiẹ̀ dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì yẹgi fún òun àti Kehar Singh, tí wọ́n ní wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀, ní oṣù kìíní 1989. Ẹni mẹ́ta nìyẹn, òfin sì ti bá wọn wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pa á, èrò tó péjọ sí iwájú AIIMS, ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹnikẹ́ni tó bá wé láwàní. Wọ́n sọ òkúta lu ọkọ̀ Ààrẹ Zail Singh pàápàá, torí pé Sikh lòun náà. Wọ́n já láwàní, wọ́n sun mọ́tò. Mo gbà pé ìyẹn lè jẹ́ ìbínú. Ṣùgbọ́n ìpànìyàn gidi kò bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Àárọ̀ yẹn ni àwọn jàǹdùkú jáde ní oríṣiríṣi àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ọ̀pá irin, pẹ̀lú kẹrosíìnì, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi ń mọ ilé tí wọ́n máa wọ̀. Bọ́ọ̀sì ìjọba ló gbé àwọn kan nínú wọn wá.

Ìbínú wo ló ń sùn mọ́jú kó tó mọ ilé ẹni tó ń lọ? Ta ló fún un níwèé? Ohun tí mo fẹ́ kí a sọ nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n Àjàní ti dé nìyẹn. Mo ti gbé àga mi. Ìwé wo ni wọ́n mú dání gan-an?

Àjàní Ìtàn

Ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, àbúrò mi. Ìwé tí ìjọba fi ń ta oúnjẹ fún mẹ̀kúnnù ní ẹ̀dínwó náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Sikh ló ń jẹ́ Singh, àwọn obìnrin wọn a sì máa jẹ́ Kaur, nítorí náà ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ kò ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Láwọn ibòmíràn, wọ́n ti fi àmì sára ilẹ̀kùn lóru. Ìwé báyìí, ọwọ́ ìjọba àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń wà. Jàǹdùkú tó ń sùn sí ẹ̀bá ọjà kò ní in.

Àwọn tó yè é jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀, ẹ̀rí wọn sì jọra láti àdúgbò kan dé èkejì. Àwọn jàǹdùkú á kọ́kọ́ kọlu gurdwara, ìyẹn ilé ìjọsìn wọn, wọ́n á sun ún. Àwọn Sikh á jáde láti gbèjà ara wọn. Ọlọ́pàá á dé, á ní kí wọ́n wọlé lọ jókòó, á gba idà ọwọ́ wọn àti ìbọn tí wọ́n ní ìwé àṣẹ lé lórí. Ọlọ́pàá á lọ. Àwọn jàǹdùkú á padà dé. Ìgbà yìí ni wọ́n á wá máa fa àwọn ọkùnrin jáde nínú ilé, wọ́n á gé irun wọn, wọ́n á fi táyà kọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á da kẹrosíìnì lé wọn, wọ́n á ṣáná sí i. Wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Iye òkú tí ìjọba fúnra rẹ̀ kà ní Delhi nìkan jẹ́ 2,733.

Kúnlé Kòṣeégbé

Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wí. Ẹ ò dárúkọ mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n apá kan lẹ sọ.

Ta ni Bhindranwale? Ẹ ò mẹ́nu bà á rárá. Oníwàásù Sikh ni, ó kó ìbọn jọ sínú Tẹ́ńpìlì Oníwúrà ní Amritsar, ilé ìjọsìn tí wọ́n kà sí jù. Ní oṣù kẹrin 1983, wọ́n yìnbọn pa A. S. Atwal, ọ̀gá ọlọ́pàá, Sikh bíi tiwọn, bó ṣe ń jáde láti ibi tó ti lọ gbàdúrà. Òkú ọ̀gá ọlọ́pàá wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọlọ́pàá ẹgbẹ́ ẹ̀ kò lè lọ gbé e. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n dá bọ́ọ̀sì dúró nítòsí Dhilwan, wọ́n ṣa àwọn Híńdù sọ́tọ̀, wọ́n pa mẹ́fà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n tún wá pa ìyá tó ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè nínú ọgbà ilé ẹ̀. Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Mi ò ní ó dáa. Mo ní kò yà mí lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì, Hounslow

Kúnlé ọmọ mi, mo gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí àárín àwọn Sikh ni mo ń gbé. Southall, tí wọ́n pọ̀ sí, kò jìnnà sí wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, mo máa ń rò pé bí wọ́n bá ti ń sọ "84", ìpànìyàn Delhi ni wọ́n ń sọ. Rárá o. Oṣù kẹfà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹfà bá ti dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló máa ń wọ́de láti Hyde Park lọ sí Trafalgar Square.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 1984 ni Indira rán sójà wọ Tẹ́ńpìlì Oníwúrà. Àsìkò ìrántí ikú Guru Arjan ni, ẹni tó kọ́ tẹ́ńpìlì náà, àwọn tó wá jọ́sìn sì kún inú ọgbà fọ́fọ́, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ ogun wọlé, wọ́n fi àgbá wó Akal Takht, ibi tí àṣẹ ẹ̀sìn wọn ti ń jáde. Bhindranwale kú síbẹ̀, kí Kúnlé fọkàn balẹ̀. Ìjọba ní sójà 83 ló kú, àti ẹni 493 yàtọ̀ sí wọn. Kò sí Sikh kan tí mo bá pàdé tó gbà pé iye yẹn pé. Ilé ìkàwé wọn, tí ìwé àfọwọ́kọ àtayébáyé wà nínú ẹ̀, jóná pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ náà kan ibi tí mo wà yìí o. Ní 2014, nígbà tí wọ́n ṣí àwọn ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, ó hàn síta pé ọ̀gá sójà kan láti SAS, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkànṣe Gẹ̀ẹ́sì, ti lọ gba ìjọba Íńdíà nímọ̀ràn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1984 lórí bí wọ́n ṣe lè wọ tẹ́ńpìlì náà. Cameron, olóòtú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní kí wọ́n wádìí ẹ̀. Ìjọba ní ìmọ̀ràn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ipa lórí ohun tó padà ṣẹlẹ̀. Àwọn Sikh Southall kò gbà.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ará Kanpur ni. Wọ́n pa àwọn Sikh níbẹ̀ náà, kì í ṣe Delhi nìkan. Ó ní ilé aládùúgbò wọn tó jẹ́ Híńdù ni wọ́n sá sí. Ọkùnrin yẹn ló mú àlùmọ́gàjí wá, ló ní kí àbúrò òun gé irun orí ẹ̀ kíákíá, kó fá irùngbọ̀n, torí pé irun yẹn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ rántí pé irun tí wọn kì í gé yìí, ẹ̀sìn ni. Ọmọ náà gé e, ó sì yè é. Ìyá wọn kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, nítorí irun. Ọmọ yẹ́n yè é o, àmọ́ ìyá ò dárí jì í.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Hàà. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrántí, mà.

Àjàní Ìtàn

Kúnlé, gbogbo ohun tí o kọ nípa Atwal àti Dhilwan, òótọ́ ni. Mi ò ní gbèjà Bhindranwale láé. Ìbéèrè tèmi ni pé: ta ló gbé e ga?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì ní 1947, tí Lahore àti Nankana Sahib bọ́ sí ọwọ́ Pakistan, àwọn Sikh bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún ìpínlẹ̀ tí èdè Punjabi yóò jẹ́ èdè ibẹ̀. Ọdún 1966 ni wọ́n tó fún wọn, ìpínlẹ̀ Punjab òde òní nìyẹn, ó sì wá pẹ̀lú ìkù-díẹ̀-káàtó. Wọ́n gé Haryana kúrò lára ẹ̀, wọ́n sọ Chandigarh di olú ìlú àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ìlú náà wà. Omi odò tí àgbẹ̀ Punjab fi ń gbin wíìtì, ìjọba àpapọ̀ ló ń pín in. Akali Dal, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Sikh, kó gbogbo ẹ̀dùn wọ̀nyí sínú ìpinnu kan ní Anandpur Sahib ní 1973: kí agbára ìpínlẹ̀ pọ̀ sí i, kí ti àpapọ̀ dínkù. Àwa tí à ń pariwo àtúntò ní Nàìjíríà mọ irú ohùn yẹn dáadáa. Delhi pè é ní ìyapa.

Lẹ́yìn náà ni Indira gbé òfin pàjáwìrì kalẹ̀ láti 1975 sí 1977. Àwọn Akali wà lára àwọn tó ta kò ó jù lọ ní gbogbo Íńdíà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wọ ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ìdìbò dé ní 1977, Indira fìdí rẹmi, àwọn Akali sì gba ìjọba Punjab. Ìgbà yẹn ni Sanjay ọmọ Indira àti Zail Singh wá ẹni tó máa fọ́ ìbò àwọn Akali sí méjì. Wọ́n rí ọ̀dọ́mọkùnrin oníwàásù kan tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbóná, tó ń pe àwọn Akali ní aláìgbóná nínú ẹ̀sìn. Bhindranwale nìyẹn. Ní 1979 àwọn èèyàn ẹ̀ dojú kọ Akali nínú ìbò ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn gurdwara. Ní 1980 òun fúnra ẹ̀ polongo ìbò fún àwọn olùdíje kan nínú Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú Indira. Nígbà tí wọ́n mú un ní 1981 lórí ikú Lala Jagat Narain, oníwèé ìròyìn tó jẹ́ Híńdù, kò pẹ́ tó fi jáde. Zail Singh ti di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, òun ló sì dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kò sí ẹ̀rí kankan tó fi hàn pé ó lọ́wọ́ sí i.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nígbà tó fi máa di 1982, Bhindranwale ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ tún gbọ́ ìkan. Ní oṣù kọkànlá 1982 ni Delhi gba àlejò Eré Ìdárayá Éṣíà. Àwọn Akali ní àwọn máa wọ́de. Ìjọba Congress tó wà ní Haryana wá dá gbogbo Sikh tó ń kọjá lọ sí Delhi dúró, wọ́n ń tú wọn wò lójú títì. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni bóyá Akali ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀gá sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti gba àmì ẹ̀yẹ fún Íńdíà lójú ogun, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ Sikh tí kò bá ọ̀rọ̀ Bhindranwale lọ tẹ́lẹ̀ ni ọjọ́ yẹn yí lérò padà.

Kúnlé Kòṣeégbé

Ẹ ṣeun fún àlàyé. Síbẹ̀, òṣèlú Punjab nìyẹn. Mo ṣì ń dúró de ẹ̀rí pé ẹnì kan láti òkè ló pàṣẹ fún àwọn ará Delhi. Ṣé ẹnì kan ní ìwé tí Rajiv, ọmọ Indira tó gba ipò rẹ̀, fọwọ́ sí pé "ẹ lọ pa wọ́n" ni?

Bàbá Ẹlẹ́rìn

Kò sí aṣebi tó ń fọwọ́ sí ìwé, Kúnlé.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé girama kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ọdún yẹn. Àwọn tí kò tíì dàgbà nígbà náà kò ní mọ̀, àwọn ará Íńdíà ló ń kọ́ni ní ìṣirò àti físíìsì ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa. Sikh kan wà láàárín wọn lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Delhi ni, wọ́n bí i síbẹ̀, ó ní òun kò tíì gbé Punjab rí. Gbogbo ilé wọn ló ń dìbò fún Congress, ó máa ń fi Indira yangàn fún wa ní yàrá àwọn olùkọ́. Nígbà tí rédíò sọ pé wọ́n ti pa á, òun ló kọ́kọ́ sunkún. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tó máa fi gbọ́ ohùn àwọn èèyàn ẹ̀, tẹlifóònù kò sì lọ. Ìyẹn ni mo fi ń dá ìwọ tó sọ pé "Sikh ló pa á" lóhùn. Sikh wo?

Adétutù Amòfin

Ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín bá ohun tí mo fẹ́ sọ lọ, torí ẹ wo àwọn tí wọ́n pa.

Àwọn Sikh olówó ní gúúsù Delhi náà pàdánù ilé àti mọ́tò. Ṣùgbọ́n ibi tí òkú pọ̀ sí jù ni ìlà-oòrùn odò Yamuna àti àwọn àdúgbò tálákà mìíràn: Trilokpuri, Kalyanpuri, Mangolpuri, Sultanpuri. Ní Block 32 ní Trilokpuri, Sikh Labana ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tí ìran wọn wá láti Sindh, tí wọ́n gba Rajasthan kọjá kí wọ́n tó dé Delhi. Wọ́n ń hun ibùsùn olókùn, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n ń ṣiṣẹ́ káfíńtà. Ìjọba Indira fúnra ẹ̀ ló kó àwọn tálákà síbẹ̀ nígbà òfin pàjáwìrì, tó fún wọn ní ilẹ̀ kékeré kékeré. Congress ni wọ́n ń dìbò fún. Kí ló kan àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú omi odò Punjab?

Ọ̀nà tóóró ni àwọn ilé náà wà, ògiri sí ògiri. Àwọn jàǹdùkú dí ẹnu ọ̀nà méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Àgọ́ ọlọ́pàá Kalyanpuri kò jìnnà síbẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ni àwọn oníròyìn Indian Express tó dé ibẹ̀, wọ́n bá òkú nílẹ̀ débi pé kò sí ibi tí wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ sí.

Ní ti ẹ̀rí tí Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ń béèrè: ẹ wo ibi tí ìpànìyàn kò ti rinlẹ̀. Àwọn Sikh pọ̀ ní Calcutta, ọ̀pọ̀ wọn ló ń wa takisí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn Kọ́múníìsì, lábẹ́ Jyoti Basu, ló ń ṣèjọba ìpínlẹ̀ yẹn. Wọ́n tètè bu ọwọ́ lé e, kò sì sí ohun tó jọ ti Delhi níbẹ̀. Ẹ wá wo Kanpur ní Uttar Pradesh, ẹ wo Bokaro, tó wà ní Bihar nígbà náà, níbi tí òkú ti pọ̀ tẹ̀lé Delhi: Congress ló ń ṣèjọba ní méjèèjì. Delhi ńkọ́? Ọlọ́pàá ibẹ̀, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n wà, ìyẹn abẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, P. V. Narasimha Rao.

Nínú Delhi kan náà, ní Chandni Chowk, àwọn jàǹdùkú lọ bá gurdwara Sis Ganj. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Maxwell Pereira dúró níwájú wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ díẹ̀, ó ní kí wọ́n yìnbọn. Àwọn èrò túká. Gurdwara náà kò jó. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Pereira jẹ́ ẹ. Àwọn yòókù náà lè jẹ́ ẹ bí wọ́n bá fẹ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Táyà àti kẹrosíìnì. Bàbá mi àgbà máa ń sọ ìtàn "wẹ́tìẹ̀" fún wa, ti 1965. Ó jọ ọ́ o.

Bàbá Ẹlẹ́rìn

Ó jọ ọ́ lójú iná nìkan, ọmọ mi. Wẹ́tìẹ̀ ṣojú mi. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló ń bá ara wọn jà lórí ìbò tí wọ́n jí, olúkúlùkù sì mọ ìdí tí wọ́n fi wá sílé òun. Ahunbùsùn ní Trilokpuri kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Àjàní Ìtàn

Èmi náà fẹ́ fi àhesọ kún un, torí ó ṣe pàtàkì. Láàárín ọjọ́ kan, gbogbo Delhi ti ń gbọ́ pé àwọn Sikh ti fi májèlé sínú omi ẹ̀rọ, pé rélùwéè tó ń bọ̀ láti Punjab kún fún òkú Híńdù, pé àwọn Sikh ń pín súwíìtì, wọ́n ń jó nítorí ikú Indira. Wọ́n ní ọlọ́pàá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ká àdúgbò láti sọ ti omi náà. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba sì ń fi òkú Indira hàn láti àárọ̀ dalẹ́, igbe èrò tó wà níbẹ̀ ń wọlé sí gbogbo ilé: ẹ̀jẹ̀ la máa fi gba ẹ̀san ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tó pa ohùn yẹn.

Kúnlé ní kí a mú ìwé tí Rajiv fọwọ́ sí wá. Mi ò ní in. Ohun tó sọ ni mo ní. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá, tó jẹ́ ọjọ́ ìbí ìyá ẹ̀, ó dúró níwájú èrò ní Boat Club ní Delhi, ó ní bí igi ńlá bá wó, ilẹ̀ á mì díẹ̀. Òkú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló pè ní kí ilẹ̀ mì díẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dìbò. Congress fi ìbẹ̀rù àwọn tó fẹ́ pín Íńdíà polongo láti òkè délẹ̀. Wọ́n gba àga tó lé ní 400 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Jawaharlal Nehru, bàbá Indira, kò gba tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tí ẹlẹ́rìí ti dárúkọ bí ẹni tó ṣáájú àwọn jàǹdùkú, ẹgbẹ́ náà fún lára wọn ní àyè láti díje, wọ́n wọlé, H. K. L. Bhagat tilẹ̀ tún di mínísítà.

Kúnlé Kòṣeégbé

Mo ṣì dúró lórí pé Bhindranwale ló kọ́kọ́ tú àpò ìkà. Ṣùgbọ́n ti Calcutta yẹn, mi ò ní èsì fún un. Ẹ jẹ́ kí n bi amòfin wa: ó ti lé ní ogójì ọdún. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rán wọn níṣẹ́, kí ló dé tí ilé ẹjọ́ kò fi rí àwọn tó rán wọn?

Adétutù Amòfin

Nítorí ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà ló ń kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, sà. Obìnrin kan á dé àgọ́, á ní wọ́n pa ọkọ òun, ó dárúkọ ẹni tó ṣáájú wọn. Wọ́n á kọ ọ́ pé "èrò tí a kò mọ̀". Ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, wọ́n á rọ́ ọ pọ̀ sínú ìwé ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Kò sí ilé ẹjọ́ tó lè fi ìyẹn dájọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí kò wọ́n wọn. Kò tíì pé oṣù kan tí PUCL àti PUDR, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, ti gbé ìwádìí tiwọn jáde tí wọ́n dárúkọ àwọn òṣèlú nínú ẹ̀. Ìjọba ní kí Ved Marwah, ọ̀gá ọlọ́pàá, wádìí ọwọ́ ọlọ́pàá nínú ẹ̀. Wọ́n dá a dúró láàárín iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Ranganath Misra jókòó ní ìkọ̀kọ̀, ó ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn Congress gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ti Nanavati ló jáde ní oṣù kẹjọ 2005. Ó sọ pé ẹ̀rí tó ṣeé gbà wà lòdì sí Jagdish Tytler, pé ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ sí i. Mínísítà ni nígbà náà. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fipò sílẹ̀. Oṣù yẹn náà ni Manmohan Singh, Sikh àkọ́kọ́ tó jẹ olóòtú ìjọba, ọmọ ẹgbẹ́ Congress, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Sikh àti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó ní òun tẹ orí òun ba pẹ̀lú ìtìjú.

Ìyá Ìbejì, Hounslow

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní àforíjì yẹn kò já mọ́ nǹkan kan lójú òun, torí Sikh ló tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ Sikh. Ó ní àwọn tó jẹ ẹ̀bi jókòó lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Adétutù Amòfin

Ìyá mi, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ ẹnì kan. Sajjan Kumar, tó jẹ́ aṣòfin Congress nígbà yẹn. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní 2013. Jagdish Kaur, tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Raj Nagar, Palam Colony, kò jẹ́ kó sinmi. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá, 2018, ilé ẹjọ́ gíga Delhi yí ìdájọ́ náà padà, ó rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére lórí ikú Sikh márùn-ún. Àwọn adájọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé òṣèlú ló dáàbò bo àwọn ọ̀daràn náà tí ẹjọ́ fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ Congress lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn. Ní oṣù kejì 2025, ilé ẹjọ́ mìíràn tún fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére kejì, lórí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n pa ní Saraswati Vihar.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Tytler ńkọ́?

Adétutù Amòfin

Oṣù kẹjọ 2024 ni ilé ẹjọ́ Delhi pàṣẹ pé kó wá jẹ́jọ́ lórí àwọn tí wọ́n pa ní gurdwara Pul Bangash ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 1984. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, ó ní òun kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹlẹ́rìí.

Kúnlé Kòṣeégbé

Àwọn ẹlẹ́rìí tó ti di ẹni ọdún mélòó báyìí?

Adétutù Amòfin

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1984 ti lé ní ọgọ́ta, sà. Àwọn àgbà wọn ti ń kú, lọ́kọ̀ọ̀kan.